Rọ́bà Mẹ́jọ Tí N Kò Fi Sábẹ́ Bóòtù

Ẹ fa àga yín súnmọ́ ibùsùn mi, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ohùn mi kò ròkè mọ́, n kò sì ní èémí tí mo máa fi sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Afínjú méjèèjì, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ìpè mi. Adelé, ọmọbìnrin Afínjú, ìwọ tí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí kí wọ́n lé òun jáde, wá síwájú. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi yìí, tìrẹ ni. Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ ohun tí mo bá sọ sínú ìwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bò mí láṣìírí. Bó bá fẹ́ sunkún, kó sun ún, ṣùgbọ́n kí bírò má dúró. Ọdún mẹ́fà ni ẹ fi ń sọ pé Adelé fi eré àsápajúdé pa bàbá rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi pa á, nǹkan bí ọdún méjì ni mo sì fi pa á.

Ẹ̀gbọ́n àgbà, ẹ jókòó. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti kún fún èéfín irin, dókítà ní ó kù díẹ̀, ibo ni mo fẹ́ sá lọ? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹ tó ṣe ohun tó bá wù yín.

Ilé iṣẹ́ kan náà tó ń la ọ̀nà ni èmi àti Afínjú ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe wa. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Òun ló ń wa ọkọ̀ ńlá tó ń rìn níbi tí kò sí títì, èmi ni wẹ́dà. Afínjú ni a sọ ọ́ nítorí kò jẹ́ wọ ọkọ̀ láì kọ́kọ́ nu sítíárìn bí ìyá tó ń nu imú ọmọ. Bó bá fẹ́ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù jẹun, yóò tẹ́ aṣọ sí i. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín. N kò kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́ kan ó sáré gun àpáta, gáàdì abẹ́ ọkọ̀ náà ya dànù, òkúta wọnú ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì dà sílẹ̀, iṣẹ́ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí à ń pè ní gáàdì ni irin pẹlẹbẹ tí a máa ń dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀, láti iwájú títí dé ìdí gíà, kí òkúta má baà rí ẹ́ńjìnnì fọ́. Èmi ni mo jó ti ọkọ̀ náà. Mo jó o dáadáa. Nígbà tí máníjà pe gbogbo wa jọ sí àgbàlá, Afínjú kò wo ojú mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bi wẹ́dà léèrè. Ó mutí wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó jó irin yẹn. Kò lẹ̀ rárá." Èmi! Èmi tí ọtí kò kan ètè mi rí, tí òórùn rẹ̀ lásán ń fẹ́ mú mi bì! Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, máníjà ní kí n pa á dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìbòjú tí mo fi ń jó irin lọ́wọ́ mi, lójú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, wọ́n sì ní kí n máa lọ.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Jómálẹ̀. Ẹni tó ń jó irin tí kò lẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lójú pópó, màá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Jómálẹ̀, ó dàárọ̀ o!" Ọmọbìnrin kan wà tí èmi àti ẹ̀ ti ń múra ìgbéyàwó. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, kò tilẹ̀ ní kí n jókòó. Ó ní òun kò bí ọmọ fún ọ̀mùtí. Ìyá mi kú láàárín ọdún náà. Títí tó fi kú ló ń bi mí pé, "Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi, ṣé lóòótọ́ lo mutí?" Ìyá tó bí mi! Mo fẹ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, òun ló bí ọmọ tó ń kọ̀wé yìí, Ọlọ́run sì fi í ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí mo bá tan iná tí mo fi ń jó irin, Afínjú ni mo máa ń rí nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ní bó bá ku ọjọ́ kan kí n kú, màá san án fún un.

Mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Iṣẹ́ alumíníọ̀mù ni mo dojú kọ, nítorí kò pọ̀ lẹ́ni tó lè tẹ èyí tó nípọn láì jẹ́ kó sán, tàbí kó jó o láì jẹ́ kó yọ́ dànù. Orúkọ mi padà dára díẹ̀díẹ̀. Ọdún kọkànlá lẹ́yìn tí wọ́n lé mi, ọkọ̀ ńlá kan wọlé ní ọwọ́ ọ̀sán, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sì mú aṣọ ìnuwọ́ jáde, ó nu ọwọ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà kó tó tì í. N kò nílò kí n wo ojú.

"Wẹ́dà," ó ní, "ọjọ́ mà pẹ́ o."

"Ọjọ́ pẹ́, ẹ̀gbọ́n," ni mo dáhùn. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀gbọ́n ni mo pè é! Ẹnu mi dùn bí oyin.

Ó ní òun ti ra ọkọ̀ tòun. Òun àti ọmọ òun ni yóò máa fi kó òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀, ìdajì ọ̀nà náà jẹ́ òkúta, ìdajì tó kù sì jẹ́ omi iyọ̀. Ó fẹ́ gáàdì. Adelé sọ̀kalẹ̀ lódì kejì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ti wo abẹ́ ọkọ̀ kó tó dìde. Bàbá rẹ̀ ní, "Adelé ni mò ń pè é, torí òun ni yóò gba sítíárìn lọ́wọ́ mi." Mo gbé irin kan àti alumíníọ̀mù kan sórí tábìlì fún wọn pé kí wọ́n yàn. Afínjú fọwọ́ ra èyí tó ń dán. Ó tún rí èyí tó ní bátànì lára, èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣe fáàrí máa ń rà, ó ní, "Èyí mà rẹwà o."

Adelé rẹ́rìn-ín. "Dádì, abẹ́ ọkọ̀ ló ń lọ. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó?"

"Èmi," ó ní. "Èmi á máa bẹ̀rẹ̀ wò ó láràárọ̀."

Adelé gbé méjèèjì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá Wẹ́dà, èyí mà fúyẹ́ o. Ṣé kò ní ya bó bá kan òkúta?"

Mo ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé. Mo ní irin le, á máa yọ̀ kọjá lórí òkúta, ṣùgbọ́n ó wúwo, yóò máa mu epo, omi iyọ̀ yóò sì mú kó dógùn-ún kí ọdún méjì tó pé. Mo ní alumíníọ̀mù kò tó ìdajì ìwúwo irin, kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n ó rọ̀, òkúta máa ń bù ú jẹ. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn. Mílímítà mẹ́fà kò tó níwájú, mẹ́jọ ni ká lò. Mo ní ká fi èyí tó ní bátànì sílẹ̀, kò wúlò. Mo ní ká dá ihò sí i níbi tí wọ́n á ti máa tú ọ́ìlì, kí wọ́n má baà máa tú gbogbo gáàdì nítorí ọ́ìlì. Gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Mo lè ta alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò fún un, ṣùgbọ́n òkúta àkọ́kọ́ ni yóò tẹ̀ ẹ́, Afínjú yóò sì gbé e padà wá bú mi. Ìkà tó bá gbọ́n kì í kánjú. Alumíníọ̀mù tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo gé fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe rí tó dáa tó o. Ó kù ká dè é. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ alumíníọ̀mù máa ń sọ fún wa pé irin àti alumíníọ̀mù kì í sùn lórí ẹní kan náà. Irin ni bóòtù. Bó bá fara kan alumíníọ̀mù, tí omi iyọ̀ sì wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù náà yóò máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ yí ihò bóòtù ká, yóò máa di lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun, títí ihò á fi tóbi ju orí bóòtù lọ. Lójú ẹni tó wà lóde, kò sí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi rọ́bà roboto sábẹ́ orí bóòtù kọ̀ọ̀kan, tí a ó tún fi gírísì kùn ún, kí àwọn méjèèjì má fojú kan ara wọn. Bóòtù mẹ́jọ ló wà lára gáàdì Afínjú, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Mo to rọ́bà mẹ́jọ sórí tábìlì. Mo wò wọ́n. Mo kó wọn sápò ṣòkòtò mi.

Adelé rí mi. Ó wà nínú kòtò lábẹ́ ọkọ̀, ó ń bá mi gbé iná dání. Ó ní, "Bàbá Wẹ́dà, àwọn rọ́bà yẹn ńkọ́?"

"Ti ọkọ̀ mìíràn ni," mo ní. "Fún mi ní sípánà."

Ó fún mi ní sípánà. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin àgbàlagbà. Ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè nípa rọ́bà náà ni ẹ sọ di apànìyàn.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ náà wá kí n tú gáàdì, kí a fọ ẹrẹ̀ àti iyọ̀ kúrò. Èmi fúnra mi ni mo ń ṣe é, n kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mi kankan fọwọ́ kàn án. Lẹ́ẹ̀kíní, n kò rí nǹkan kan. Inú bí mi. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i, lẹ́búlẹ́bú funfun díẹ̀ létí ihò kan níwájú. Mo fi ìka tọ́ ọ wò, inú mi dùn bí ẹni tó rí èso àkọ́kọ́ lórí igi tó gbìn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì irin gbọ̀n ọ́n dànù, mo fi pọ́tì tó máa ń le bí amọ̀ dí i, mo fi ọ̀dà dúdú kùn ún, mo sì dè é padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Afínjú á dúró lórí mi, á ní, "Wẹ́dà, o ń tọ́jú ọkọ̀ yìí bí ẹni pé tìẹ ni." Màá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ọ̀rẹ́ wà fún?" Nígbà tí wọ́n bá lọ, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá máa rẹ́rìn-ín nìkan. Aláìsàn ni mo ti jẹ́ látìgbà yẹn, èéfín kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀keje ni wọ́n wá ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Òjò ń rọ̀, Adelé wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ mi ṣe àríyànjiyàn lórí táyà. Èmi àti Afínjú nìkan la wà lẹ́yìn. Gáàdì náà dojú bolẹ̀ láàárín wa. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wẹ́dà, kì í ṣe torí gáàdì ni mo ṣe wá bá ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mò ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ̀rọ̀ kan ni." Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀. Afínjú! Ẹni tí kì í jókòó láì nu àga, ó dojú bolẹ̀ sínú ọ́ìlì àti èérún irin, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

"Mo purọ́ mọ́ ọ," ó ní. "Mo mọ̀ pé o ò mutí. Èmi ni mo sáré. Ẹ̀rù bà mí, mo wo gbogbo wa tó wà níbẹ̀, mo rí i pé ìwọ lo ò ní ẹni tó máa gbèjà rẹ. Dárí jì mí, àbúrò mi. Jọ̀ọ́. Kó parí sáàárín àwa méjèèjì."

Kó parí sáàárín àwa méjèèjì! Ẹ wò ó, bó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ kó tó sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn ni, bóyá ni. Bóyá. Dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo kó àwọn rọ́bà mẹ́jọ náà pamọ́ sí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí mi. Wákàtí kan péré, ǹ bá ti jó ihò wọ̀nyẹn dí, ǹ bá ti lu òmíràn, ǹ bá ti fi rọ́bà sí i. Ṣùgbọ́n ó bú mi ní gbangba, ó wá ń bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Ìyá mi ti kú. Ta ló máa lọ sọ fún un nínú ilẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò mutí? Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa Afínjú dìde, mo gbọn aṣọ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Mo ti dárí jì yín, ó ti pẹ́." Ó dì mọ́ mi, ó sì sunkún. Mo gba ẹkún rẹ̀ sí èjìká mi. Lẹ́yìn náà ni mo fi pọ́tì dí àwọn ihò náà, pọ́tì ló ti pọ̀ ju alumíníọ̀mù lọ níbẹ̀, mo kùn ún lọ́dà, mo sì dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ó juwọ́ sí mi bí wọ́n ti ń lọ. Mo juwọ́ padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó ṣẹlẹ̀. Adelé ló ń wa ọkọ̀ náà, bàbá rẹ̀ jókòó ti í, àwọn méjèèjì nìkan ni, wọ́n ń lọ kó òṣìṣẹ́. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ìkẹyìn kí wọ́n tó dé ibi iyọ̀, bóòtù mẹ́rin iwájú yọ kúrò nínú ihò wọn, etí gáàdì já wálẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ bí ọkọ́. Ọkọ̀ náà fi imú gún ilẹ̀, ó yí ní ìgbà méjì. Afínjú kò débi tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀. Apá Adelé kán. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi, mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́, ọmọ mi. Mo ní kí o kọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì pe orúkọ ìyá mi.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú sí? Kò tíì burú. Ọlọ́pàá wọ́ àjákù ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí èmi ni mo mọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àgbà, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ní, "Wẹ́dà, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí, kí ló pa àbúrò mi?" Adelé dúró lẹ́yìn yín, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ní, "Mi ò sáré. Mo gbọ́ tí nǹkan já lábẹ́ ọkọ̀ kó tó yí. Bàbá Wẹ́dà, ẹ wò ó, ẹ máa rí i." Ó gbọ́kàn lé mi. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tan iná. Ihò mẹ́rin náà ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi méjì wọ̀ ọ́. Bí ọmọ ọdún méje bá wò ó, yóò mọ̀. Mo jáde, mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Bí ẹ ti lọ, mo lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé, mo mú ẹ̀rọ tí mo fi ń gé irin, mo gé gbogbo etí iwájú gáàdì náà kúrò, mo fi òòlù lu èyí tó kù títí tó fi dà bí ohun tí òkúta fà ya. Ní ọjọ́ kejì, ẹ padà wá, ẹ̀yin àti ọlọ́pàá àti Adelé. Mo mi orí. Mo ní, "Gáàdì kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Eré ló pọ̀." Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. Adelé ní, "Bàbá Wẹ́dà, mo fi Ọlọ́run búra," mo sì dá a lóhùn, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bàbá nù, mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń sáré kì í mọ̀ pé òun ń sáré." Ẹ yíjú sí i, ẹ̀gbọ́n àgbà, ẹ ní kó má dé ibi òkú bàbá rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú àgbàlá yẹn, kò yàtọ̀ sí ti Afínjú níwájú máníjà. Mo wo gbogbo àwa tó wà níbẹ̀, mo sì rí ẹni tí kò ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀.

Mo rò pé yóò dùn mọ́ mi. Mo dúró de adùn náà fún ọdún mẹ́fà. Mo ń gbọ́ ìròyìn rẹ, Adelé. Mo gbọ́ pé o ò fọwọ́ kan sítíárìn mọ́, pé aṣọ lo ń fi áyọ́ọ̀nù bá oníṣọ́ọ̀bù kan lọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn ẹbí rẹ kì í pè ọ́ bí wọ́n bá ń pàdé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo jẹun, mo sùn.

Ní oṣù tó kọjá, o gbọ́ pé ara mi kò yá, o wá kí mi. O jókòó síbi tí o jókòó sí yìí gan-an, o bá mi tún ìrọ̀rí ṣe. Lẹ́yìn náà o ní, "Bàbá Wẹ́dà, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó lọ. Lójú tèmi mi ò sáré lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ yẹ ọkọ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni eré tí mo sá ṣe pọ̀ tó? Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Mo ṣe bí ẹni tó sùn lọ. O dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, o fi aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀, o sì lọ.

Adelé, ìdáhùn rẹ nìyí. O ò sáré. O wa ọkọ̀ náà bí bàbá rẹ ti kọ́ ọ. Abẹ́ ibùsùn mi ni etí gáàdì tí mo gé wà, mo fi àpò ìdọ̀họ dì í. Ọmọ mi á gbé e fún yín, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àgbà, ẹ gbé e lọ fún ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé yìí, kí ẹ sì pe gbogbo ẹbí jọ ní gbangba, kí ẹ sọ pé ẹ ti ṣi ọmọ yín dá lẹ́jọ́. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi tí wọ́n máa ka ìwé yìí fún, bí ọ̀tá yín bá gbé ọkọ̀ wá, ẹ lé e jáde. Ẹ bú u bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ rẹ̀.

N kò ní purọ́ pé mo ti dẹ́kun kíkórìíra Afínjú. Láàárọ̀ yìí gan-an mo rántí rẹ̀, mo sì tún bú u. Ṣùgbọ́n ìwọ kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo sì jẹ ọ́ tán bí iyọ̀ ti ń jẹ nǹkan. Mo bẹ̀ ọ́, Adelé. Bí agbára bá wà lára mi, ilẹ̀ ni ǹ bá wà. Má kánjú dá mi lóhùn torí pé mò ń kú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí fipá mú ọ. Bàbá rẹ bẹ̀ mí, mo ní mo ti dárí jì í, kò sì dé inú mi. Bí kò bá dé inú tìrẹ náà, sọ fún mi pé kò dé ibẹ̀. Màá gbọ́ ọ.